Ta Ló Ń Sanwó Fún Wọn? Àlàyé Lórí Iṣẹ́ Àti Ìgbésí Ayé Àwọn Tó Ń Jẹun Nídìí Snowboard

Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó bá rí eré snowboard lórí ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán ló máa ń rò pé ẹni tó fò sókè, tó yí po lójú òfurufú, tó sì balẹ̀ láìṣubú, ni gbogbo iṣẹ́ náà. Àwọn kan á ní ẹni bẹ́ẹ̀ ti gbọ́dọ̀ di olówó; àwọn mìíràn á ní eré ọmọdé ni, kò sí àgbàlagbà tó lè fi ṣe iṣẹ́ òòjọ́. Èrò méjèèjì kò tọ̀nà. Àwọn tó ń fò náà wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn kò pọ̀, àwọn tó sì ń rí owó tó lè gbọ́ bùkátà ìdílé nínú wọn kò tó nǹkan rárá. Lẹ́yìn wọn ni ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ tí kámẹ́rà kì í sábà dé ọ̀dọ̀ wọn wà: olùkọ́, ẹ̀ṣọ́ òkè, awakọ̀ tó ń tẹ́ yìnyín ní òru, ẹni tó ń ṣe pátákó, aṣojú ìtajà, ayàwòrán, adájọ́ ìdíje. Ohun tó ń da ọ̀rọ̀ náà rú ni pé gbogbo wọn ni yóò sọ pé iṣẹ́ snowboard ni àwọn ń ṣe, bẹ́ẹ̀ ni owó wọn kò ti àpò kan náà jáde, ìgbésí ayé wọn kò sì jọra.

Snowboard ni eré tí ènìyàn fi ń dúró ní ẹ̀gbẹ́ lórí pátákó kan ṣoṣo tí a de ẹsẹ̀ méjèèjì mọ́, tí yóò sì máa yọ̀ sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè tí yìnyín bò. Kò tíì pẹ́ láyé. Ní ọjọ́ Kérésìmesì ọdún 1965, ní ìlú Muskegon ní ìpínlẹ̀ Michigan lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Sherman Poppen so pátákó ski méjì pọ̀ (ìyẹn pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń de mọ́ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan láti fi yọ̀ lórí yìnyín) kí àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ lè rí nǹkan fi ṣeré. Ìyàwó rẹ̀ sọ nǹkan náà ní Snurfer, ilé-iṣẹ́ kan sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ láti máa tà á gẹ́gẹ́ bí ohun ìṣeré. Nígbà tó fi máa di ọdún 1998, eré náà ti wọ ìdíje Òlíńpíìkì ní Nagano, lórílẹ̀-èdè Japan. Láàárín ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n yẹn ni iṣẹ́ tí mo fẹ́ ṣàlàyé wọ̀nyí yọjú lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí ilé ẹ̀kọ́ tó kọ́ni ní ọ̀pọ̀ nínú wọn nígbà náà. Àwọn tó fẹ́ràn eré náà ló dá iṣẹ́ sílẹ̀ fún ara wọn, nítorí pé nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀, kò sí iṣẹ́ kankan tó ń dúró dè wọ́n.

Ẹni tó bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yé òun, kí ó tọpasẹ̀ owó. Àpò méjì ló tóbi jù. Àkọ́kọ́ ni àpò òkè, ìyẹn owó tí àlejò ń san kí àga onírin lè gbé e gun orí òkè, kí ó lè yá pátákó, kí wọ́n kọ́ ọ ní eré náà, kí ó sì rí ibi sùn. Èkejì ni àpò ọjà, ìyẹn owó tí àwọn ènìyàn fi ń ra pátákó, bàtà, aṣọ òtútù, akoto àti awò ojú. Àpò kẹta kéré sí méjèèjì: owó ẹ̀bùn ìdíje, owó tí ẹgbẹ́ eléré ìdárayá orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ń ná, àti owó tí ilé-iṣẹ́ amóhùnmáwòrán ń san. Ọ̀gbàrá àwọn òṣìṣẹ́ ló wà nídìí àpò òkè. Àwọn eléré tí a mọ orúkọ wọn wà nídìí àpò ọjà, nítorí pé owó ìpolówó ọjà ni owó oṣù wọn. Bí yìnyín kò bá rọ̀, àpò òkè ló máa kọ́kọ́ gbẹ. Bí ọjà kò bá tà, orúkọ eléré ni wọ́n máa kọ́kọ́ yọ kúrò nínú ìwé owó sísan, ìbáà jẹ́ ọ̀gá nínú iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ eléré náà, nítorí ibẹ̀ ni àṣìlóye pọ̀ sí jù. Tí ẹ bá gbọ́ pé ọ̀dọ́ kan ti rí onígbọ̀wọ́, ẹ má ṣe yára kí i kú oríire owó. Ìgbọ̀wọ́ ní ipele. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, pátákó àti aṣọ lọ́fẹ̀ẹ́ ni ọ̀dọ́ náà ń gbà, kò sí owó nínú rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ẹni tó ń dá àrà nínú fídíò ní ọ̀sán ló ń fọ àwo nílé oúnjẹ ní alẹ́. Ní ipele tó tẹ̀ lé e, ilé-iṣẹ́ náà yóò máa san owó ọkọ̀ àti owó ibùsùn nígbà tó bá ń lọ sí ìdíje tàbí ibi tí wọ́n ti ń ya fídíò. Lẹ́yìn èyí ni owó oṣù máa ń dé, pẹ̀lú àlékún bí ó bá gba ipò kan tàbí bí àwòrán rẹ̀ bá jáde. Lókè pátápátá ni àwọn díẹ̀ tí wọ́n kọ orúkọ wọn sára pátákó, tí wọ́n sì ń gba owó lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan tó bá tà.

Kò sí ìkankan nínú ipele wọ̀nyí tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Àdéhùn máa ń jẹ́ fún ìwọ̀nba ọdún díẹ̀, eléré kì í sì í sábà jẹ́ òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ náà lójú òfin, agbaṣẹ́ṣe ni. Kò sí owó ìfẹ̀yìntì níbẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni yóò sì sábà wá ìbánigbófò ìlera tirẹ̀. Ní ọdún 2014, ilé-iṣẹ́ Nike, tó ti kó àwọn eléré ńláńlá jọ, kéde pé òun ń fi ọjà snowboard sílẹ̀. Ẹni tó ti rò pé òun ti dé èbúté ògo wá rí i pé òun tún gbọ́dọ̀ wá onígbọ̀wọ́ mìíràn, láìjẹ́ pé ó ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni, láìjẹ́ pé agbára rẹ̀ dín kù. Òlíńpíìkì pàápàá kò rí bí àwọn ènìyàn ṣe rò. Owó tí ìgbìmọ̀ Òlíńpíìkì ilẹ̀ Amẹ́ríkà ń san fún ẹni tó bá gba àmì ẹ̀yẹ wúrà ní àwọn ìdíje ọdún 2018 àti 2022 jẹ́ 37,500 dọ́là, ìdíje náà sì jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ní ọdún mẹ́rin. Ohun tí wúrà ń mú wá gan-an ni àdéhùn ìpolówó tó lè tẹ̀ lé e, kì í sì í ṣe gbogbo ẹni tó gba wúrà ló ń rí i gbà.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà dé orí òkè náà yàtọ̀ síra gidigidi. Wọ́n bí Shaun White ní ọdún 1986 pẹ̀lú àbùkù ọkàn tó mú kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní kékeré. Síbẹ̀ ọmọdé gan-an ló wà nígbà tí ilé-iṣẹ́ pátákó ti ń fún un ní ohun èlò. Ó gba wúrà Òlíńpíìkì ní ọdún 2006, 2010 àti 2018, ó ṣe ipò kẹrin ní Beijing ní ọdún 2022, ó sì fẹ̀yìn tì níbẹ̀. Kò kúrò nídìí iṣẹ́ náà: ó dá ilé-iṣẹ́ ọjà tirẹ̀ sílẹ̀, ó sì dá ìdíje tó pè ní The Snow League sílẹ̀, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2025. Bàbá Chloe Kim fi iṣẹ́ ẹ̀rọ tó ń ṣe sílẹ̀ kí ó lè máa wa ọmọ rẹ̀ lọ sí orí òkè. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni ọmọ náà nígbà tó gba wúrà ní ọdún 2018, kò sì pẹ́ lẹ́yìn náà tó wọ Yunifásítì Princeton, ó sì padà wá gba wúrà kejì ní ọdún 2022. Anna Gasser, ọmọ ilẹ̀ Austria, ti ń ṣe eré jímínásíìkì kí ó tó fọwọ́ kan snowboard rárá, ó sì gba wúrà lẹ́ẹ̀mejì nínú big air, ìyẹn ìdíje fífò láti orí òkìtì ńlá kan ṣoṣo. Nítorí náà, kì í ṣe òótọ́ pé ẹni tí kò bẹ̀rẹ̀ láti kékeré ti pẹ́ jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó bẹ̀rẹ̀ láti kékeré, tí òbí rẹ̀ sì lówó ọkọ̀ àti owó òkè, ti ṣáájú rẹ̀ lọ jìnnà. Mo rò pé ó yẹ kí a máa sọ eléyìí ní gbangba. Eré tó gba pé kí ènìyàn rìnrìn àjò lọ sí orí òkè, kí ó ra ohun èlò, kí ó sì sanwó ọ̀nà lójoojúmọ́, ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ tó ní ẹ̀bùn.

Ìdíje nìkan kọ́ ni eléré fi ń jẹun. Àwọn kan wà tí wọn kì í díje mọ́ rárá, tó jẹ́ pé fídíò ni wọ́n ń ṣe, lórí òkè tí ẹ̀rọ kò dé. Craig Kelly ló la ọ̀nà yẹn fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ó gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé nígbà mẹ́rin, kò sì sí ẹni tó lè lé e kúrò lórí oyè nígbà tó pinnu pé ìdíje ti tó, tó sì kọrí sí òkè tí ẹnikẹ́ni kò tíì tẹ̀. Àwọn onígbọ̀wọ́ rẹ̀ kò fi í sílẹ̀, ìyẹn ló sì fi han àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn pé eléré lè tà láìdíje. Nígbà tó yá, ó tún bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ láti di afinimọ̀nà orí òkè, iṣẹ́ tí àwọn oníski nìkan ló ń ṣe ní Canada nígbà náà. Ẹnu ẹ̀kọ́ yẹn ló wà ní ọjọ́ 20, oṣù Kìíní, ọdún 2003, nígbà tí yìnyín ya lulẹ̀ láti orí òkè nítòsí Revelstoke, ní ìpínlẹ̀ British Columbia, tó sì pa òun àti ènìyàn mẹ́fà mìíràn.

Ewu kò sì mọ sí orí òkè àìtẹ̀ nìkan. Ní ọjọ́ 31, oṣù Kejìlá, ọdún 2009, Kevin Pearce ń gbára dì ní Park City, ní ìpínlẹ̀ Utah, fún Òlíńpíìkì tó kù ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Inú halfpipe ló wà, ìyẹn kòtò gbọọrọ tí wọ́n gbẹ́ sínú yìnyín bí ìlàjì páìpù, tí ògiri rẹ̀ ga tó ẹsẹ̀ bàtà méjìlélógún. Ó fò sókè, kò balẹ̀ dáadáa, ó forí gbálẹ̀, ọpọlọ rẹ̀ sì fara pa gidigidi bó tilẹ̀ jẹ́ pé akoto wà lórí rẹ̀. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni, ó wà lára àwọn díẹ̀ tí wọ́n ń retí pé yóò bá Shaun White du wúrà. Ó ní láti tún kọ́ bí a ṣe ń rìn. Lẹ́yìn ọdún méjì, ó padà gun pátákó lórí yìnyín, ṣùgbọ́n ìdíje ti parí fún un. Òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Adam, wá dá àjọ LoveYourBrain sílẹ̀ fún àwọn tí ọpọlọ wọn fara pa àti àwọn tó ń tọ́jú wọn. Mo fa ìtàn yìí gùn nítorí pé òun ló ṣàlàyé ohun tí àwọn òbí máa ń béèrè jù: kí ni yóò ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn eré? Kì í ṣe ọjọ́ orí nìkan ló ń lé eléré kúrò lórí pátákó. Eékún, èjìká àti orí lè pinnu rẹ̀ fún un ní ọ̀sán kan ṣoṣo, ẹni tí kò sì ní ìwé tàbí iṣẹ́ ọwọ́ mìíràn yóò bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a sọ̀kalẹ̀ wá sọ́dọ̀ àwọn tó ń jẹun nínú àpò òkè, nítorí àwọn ló pọ̀ jù. Ilẹ̀kùn tó rọrùn jù láti gbà wọlé ni iṣẹ́ olùkọ́. Ó ní ìwé ẹ̀rí tirẹ̀. Ní Canada, ẹgbẹ́ CASI ló ń fún àwọn olùkọ́ ní ìwé ẹ̀rí, ipele mẹ́rin ló sì ní. Ipele kìíní jẹ́ ẹ̀kọ́ ọjọ́ mẹ́ta, ó sì tó fún ẹni tí yóò kọ́ àwọn tí kò tíì gun pátákó rí. Ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ AASI ní ipele mẹ́ta. Láti ipele àkọ́kọ́ dé òkè máa ń gba ọ̀pọ̀ ọdún, nítorí pé kì í ṣe àrà dídá ni wọ́n ń dán wò níbẹ̀ nìkan: wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá olùkọ́ náà lè wo ẹlòmíràn bó ti ń ṣubú, kí ó sì mọ ohun tó fà á.

Ohun tí wọn kì í sọ fún olùkọ́ tuntun dáadáa ni ọ̀nà tí owó ń gbà wọlé. Ní ọ̀pọ̀ ibùdó, wákàtí tó bá wà pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n ń sanwó rẹ̀. Ó lè dé láàárọ̀, kí ó wọ aṣọ iṣẹ́, kí ó tò sórí ìlà, kí àlejò má pọ̀ tó, kí ó sì padà sílé láìní owó lọ́wọ́. Ìdí nìyí tí olùkọ́ tó ti pẹ́ fi ń fẹ́ kí àlejò máa béèrè òun ní orúkọ. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ oṣù. Ní ìhà àríwá ayé, ìgbà iṣẹ́ sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kọkànlá tàbí Kejìlá, ó sì máa ń parí ní oṣù Kẹrin. Àwọn kan máa ń ṣe iṣẹ́ káfíńtà, iṣẹ́ pápá tàbí iṣẹ́ ilé oúnjẹ ní oṣù yòókù. Àwọn mìíràn máa ń tẹ̀ lé òtútù lọ sí New Zealand, Australia, Chile tàbí Argentina, níbi tí ìgbà òtútù wà láti nǹkan bí oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹwàá. Ẹni tó bá ń ṣe báyìí kì í rí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó dùn nígbà ọ̀dọ́. Nígbà tí ọmọ bá dé, tí ọmọ náà sì tó lọ sílé ẹ̀kọ́, ó di ìṣòro, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ ti ń yà sí ọ́fíìsì: kí wọ́n máa darí ilé ẹ̀kọ́ orí òkè, kí wọ́n máa kọ́ àwọn olùkọ́ mìíràn, tàbí kí wọ́n fi iṣẹ́ náà sílẹ̀.

Ẹ̀ṣọ́ òkè ní tirẹ̀ kì í dúró de àlejò. Ojúmọ́ kò tíì mọ́ nígbà tó ti wà lókè. Bí yìnyín tuntun bá rọ̀ lóru, àwọn ẹ̀ṣọ́ yóò pín ara wọn ní méjìméjì, wọn yóò gbé ohun abúgbàù sínú àpò ẹ̀yìn, wọn yóò sì máa jù ú síbi tí yìnyín ti dì jọ láìfẹsẹ̀múlẹ̀, kí ó lè ya lulẹ̀ nígbà tí kò sí ẹnì kankan ní ìsàlẹ̀. Ẹnì kejì yóò dúró sí ibi tí ewu kò dé, kò sì ní gbójú kúrò lára ẹnì kìíní, nítorí pé bí yìnyín bá gbé e lọ, òun ló gbọ́dọ̀ lè sọ ibi tó ti rí i gbẹ̀yìn. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ṣí òkè, wọ́n di olùtọ́jú pàjáwìrì: ẹni tó fẹsẹ̀ ṣẹ́, ẹni tó sọnù sínú igbó, ẹni tí ọkàn rẹ̀ dáṣẹ́ sílẹ̀, àwọn ló ń fi ọmọlanke orí yìnyín gbé wọn sọ̀kalẹ̀. Iṣẹ́ tó gba ìmọ̀ tó báyìí kì í sanwó tó bá ewu rẹ̀ mu, èmi kò sì rò pé ẹnikẹ́ni tó mọ iṣẹ́ náà yóò bá mi jiyàn. Ní ọjọ́ 27, oṣù Kejìlá, ọdún 2024, àwọn ẹ̀ṣọ́ òkè bíi igba ní Park City, ibùdó tó jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ Vail Resorts, daṣẹ́ sílẹ̀. Lára ohun tí wọ́n ń béèrè ni pé kí owó ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kúrò ní 21 dọ́là fún wákàtí kan, kí ó di 23. Nítorí pé àwọn ẹ̀ṣọ́ kò tó, ọ̀pọ̀ apá òkè náà wà ní títì ní ọ̀sẹ̀ tí àlejò pọ̀ jù lọ nínú ọdún, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n tó fẹnu kò. Wọ́n gba ohun tí wọ́n béèrè. Ìgbà yẹn ni ọ̀pọ̀ àlejò tó kọ́kọ́ mọ̀ pé láìsí ẹ̀ṣọ́, kò sí òkè tí wọ́n lè ṣí.

Bí ẹ̀ṣọ́ bá ti sọ̀kalẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, awakọ̀ ẹ̀rọ ìtẹ́yìnyín gòkè. Ẹ̀rọ ńlá ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ jọ ti katapílà, ilẹ̀ Jámánì àti Ítálì sì ni àwọn ilé-iṣẹ́ tí òkìkí wọn kàn jù nídìí ṣíṣe é wà. Gbogbo òru ni awakọ̀ náà fi ń tẹ́ yìnyín tí ẹsẹ̀ àlejò ti tú, títí yóò fi dán gbọọrọ. Níbi tí òkè bá ti dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ jù, okùn irin tí wọ́n so mọ́ òkè ló ń di ẹ̀rọ náà mú kí ó má yọ̀ lọ. Láàárín àwọn awakọ̀ yìí ni àwọn àgbà ọlọ́nà wà, àwọn tó ń kọ́ òkìtì tí eléré fi ń fò àti halfpipe fún ìdíje. Chris Gunnarson, tó dá Snow Park Technologies sílẹ̀, fi iṣẹ́ yìí lókìkí débi pé ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ló ń kọ́ pápá X Games, ìdíje ọdọọdún ńlá fún snowboard àti irú eré bẹ́ẹ̀. Bí igun òkìtì kan bá ṣì díẹ̀, ara eléré ni yóò sanwó rẹ̀. Nítorí náà ni àwọn eléré fi máa ń béèrè ẹni tó kọ́ pápá náà kí wọ́n tó gun pátákó.

Àpò ọjà ni ó kàn. Jake Burton Carpenter, ẹni tó dá ilé-iṣẹ́ pátákó Burton sílẹ̀, ni a fi máa ń ṣe àpẹẹrẹ. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni nígbà tí Snurfer kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ní ọdún 1977, lẹ́yìn tó fi iṣẹ́ ọ́fíìsì ní New York sílẹ̀, ó lọ sí Londonderry ní ìpínlẹ̀ Vermont, ó ń fi igi ṣe pátákó kan tẹ̀ lé òmíràn, ó ń gbìyànjú wọn lórí òkè, ó sì ń fi iṣẹ́ ilé ọtí gbọ́ bùkátà ara rẹ̀ ní alẹ́. Àwọn ibùdó òkè kò fẹ́ snowboard nígbà náà, nítorí náà títa pátákó nìkan kò tó. Ó ní láti bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí ẹni tó ra pátákó rí ibi lò ó. Stratton, ní Vermont, gbà ní ọdún 1983. Títí di òní, Alta àti Deer Valley ní Utah, àti Mad River Glen ní Vermont, kò tíì gbà. Ìyàwó rẹ̀, Donna, bá a kọ́ ilé-iṣẹ́ náà títí tó fi di ọ̀gá àgbà rẹ̀. Jake kú ní oṣù Kọkànlá ọdún 2019, nípasẹ̀ àrùn jẹjẹrẹ. Bí ẹ ti ń gbọ́ orúkọ rẹ̀, ẹ rántí pé kò dá nìkan wà: Tom Sims ní California àti Dimitrije Milovich ní Utah ń ṣe pátákó tiwọn ní àkókò kan náà, owó tí wọ́n rí kò sì dọ́gba.

Nínú ilé-iṣẹ́ pátákó, iṣẹ́ ọwọ́ pọ̀ ju bí ènìyàn ṣe lè rò lọ. Igi ni ó wà láàárín pátákó, tí wọ́n gé tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n sì lẹ̀ pọ̀. Lókè àti nísàlẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n tẹ́ aṣọ tí wọ́n fi fọ́nrán dígí hun sí, tí wọ́n rẹ sínú oje tó ń le bí òkúta. Ike tó ń yọ̀ ló wà ní ìdí, irin tẹ́ẹ́rẹ́ sì yí etí rẹ̀ po kí ó lè gé yìnyín dídì. Gbogbo rẹ̀ yóò wọ inú ẹ̀rọ ìtẹ̀ gbígbóná, nígbà tó bá sì jáde, òṣìṣẹ́ yóò gé etí rẹ̀, yóò họ ọ́, yóò sì pọ́n irin rẹ̀. Àwọn ẹnjiníà ń pinnu bí yóò ṣe rọ̀ tó, àwọn ayàwòrán ń ya ojú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni aṣojú ìtajà yóò kó àpẹẹrẹ rẹ̀ sínú ọkọ̀, tí yóò máa lọ láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù. Làádà ló ń gbà lórí ohun tó bá tà, òun fúnra rẹ̀ ló sì sábà ń san owó epo. Ìgbà òtútù yìí ni ṣọ́ọ̀bù ń pinnu iye pátákó tí yóò tà ní ìgbà òtútù tó ń bọ̀, nítorí náà bí yìnyín kò bá rọ̀ lọ́dún yìí, ọjà tó kù nílẹ̀ yóò mú kí ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù bẹ̀rù, aṣojú náà yóò sì jẹ ìyà rẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀.

Ẹni kan tí ìtàn rẹ̀ so àpò ìdíje àti àpò ọjà pọ̀ ni Mike Schultz. Ọkọ̀ orí yìnyín ló fi ń díje ní Amẹ́ríkà nígbà tó ṣubú ní ọdún 2008, tí wọ́n sì gé ẹsẹ̀ rẹ̀ lókè orúnkún. Orúnkún àtọwọ́dá tí wọ́n ń tà kò lè gba ìjà tó fẹ́ padà sí, nítorí náà ó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe tirẹ̀, ó fi ohun tó ń gba ìgbọ̀nrìrì lára kẹ̀kẹ́ orí òkè sínú rẹ̀. Ó dá ilé-iṣẹ́ BioDapt sílẹ̀, ó ń ta orúnkún náà fún àwọn tó ń bá a díje pàápàá, òun fúnra rẹ̀ sì gba wúrà snowboard níbi Paralympics, ìyẹn Òlíńpíìkì àwọn abirùn, ní PyeongChang ní ọdún 2018. Eléré ni, oníṣẹ́ ẹ̀rọ ni, oníṣòwò ni.

Àwọn tó ń fi kálàmù, kámẹ́rà àti gbohùngbohùn jẹun ni ayé ti yí padà fún jù. Tẹ́lẹ̀, ìwé ìròyìn oṣooṣù ló ń sanwó fún àwòrán, wọ́n sì ní òǹkọ̀wé tó ń gba owó oṣù. Ní ọdún 2019, TransWorld Snowboarding, tó ti wà láti ọdún 1987, dáwọ́ títẹ̀ sórí bébà dúró. Lónìí, ọ̀pọ̀ ayàwòrán ń ṣiṣẹ́ tààrà fún àwọn ilé-iṣẹ́ ọjà, èyí tó túmọ̀ sí pé ẹni tí wọ́n ń ya àwòrán rẹ̀ àti ẹni tó ń yà á ń jẹ nínú àwo kan náà. Èyí kò dára fún òtítọ́, nítorí kò sí ẹni tó kù tí yóò kọ̀wé pé pátákó kan kò dára. Síbẹ̀, ilé-iṣẹ́ ìwé ìròyìn yẹn ló fún Selema Masekela, ọmọ olórin ilẹ̀ South Africa nì, Hugh Masekela, ní ọ̀nà: ìdí tábìlì ìgbàlejò ló ti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, kí ó tó di ohùn tí gbogbo ènìyàn mọ̀ níbi X Games fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí Zeb Powell di ọkùnrin dúdú àkọ́kọ́ tó gba wúrà snowboard ní X Games, ní ọdún 2020, ojú àwọn aláwọ̀ dúdú ṣì ṣọ̀wọ́n lórí pátákó, nídìí kámẹ́rà àti nínú ọ́fíìsì.

Ohun kan wà tó ń yí gbogbo iṣẹ́ wọ̀nyí padà nísinsìnyí, òun sì ni pé ayé ń gbóná. Jeremy Jones, tó ń gun òkè fún fídíò, rí i pé yìnyín ń kúrò níbi tó ti mọ̀ ọ́n sí. Ó dá àjọ Protect Our Winters sílẹ̀ ní ọdún 2007, ó sì dá ilé-iṣẹ́ pátákó tirẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 2009. Ní Òlíńpíìkì Beijing ọdún 2022, yìnyín tí ẹ̀rọ ṣe ni wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ṣe gbogbo ìdíje orí òkè. Èyí ti sọ ẹni tó ń ṣe yìnyín di òṣìṣẹ́ pàtàkì ní ibùdó. Òru ni ó ń ṣiṣẹ́, nítorí pé òtútù gbọ́dọ̀ lọ sílẹ̀ tó nǹkan bíi ìwọ̀n méjì sísàlẹ̀ òdo Celsius kí omi tí ìbọn yìnyín ń fọ́n sókè tó lè dì kí ó tó balẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ mọ ìwọ̀n ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́, ipá omi inú páìpù àti ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí. Àwọn ibùdó tó gbọ́n ń fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní iṣẹ́ títí ọdún yóò fi yí po, pé kí ó máa tún páìpù ṣe nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí ó sì máa bójú tó ọ̀nà kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ti là sórí òkè kan náà fún àlejò ìgbà ooru. Láàárín àwọn òṣìṣẹ́ òkè, òun ló wà lára àwọn díẹ̀ tí owó oṣù wọn kì í dúró nígbà tí yìnyín bá yọ́.